Bàtà Òjò àti Ọ̀rọ̀ Àyànmọ́

Bí òjò bá rọ̀ mọ́jú ní Ore, ẹsẹ̀ àwọn ọlọ́kadà ló yẹ kéèyàn kọ́kọ́ wò. Ẹnì kan wọ dúńlóòpù, ó ká ṣòkòtò dé orúnkún. Ẹnì kejì ti fi náílọ̀n búrẹ́dì wé ẹsẹ̀ méjèèjì kó tó ki wọ́n bọ inú bàtà kánfáàsì, ó wá fi rọ́bà so ẹnu náílọ̀n náà mọ́ ọrùn ẹsẹ̀. Ẹnì kẹta wọ bàtà òjò dúdú tí àwọn tó ń lọ sóko kòkó máa ń wọ̀. Ẹrẹ̀ ti mù ún dé àárín, inú rẹ̀ sì gbẹ. Ọ̀nà kan náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń tọ̀, òjò kan náà ló ń pa wọ́n, ohun tí wọ́n kọ sára mọ́gáàdì ọ̀kadà wọn kò sì jìnnà síra. Lára ọ̀kan, Ọlọ́run ló ń ṣọ́ni. Lára èkejì, àyànmọ́ ò gbóògùn. Ìbéèrè tí mo fẹ́ bi ọ̀rọ̀ kejì yìí kéré lójú, ṣùgbọ́n ó ṣòroó dáhùn: ṣé àyànmọ́ dé orí bàtà? Ẹni tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ti funfun, tó ti ṣúnkì, tí ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kú débi pé kò mọ̀ ọ́n lára mọ́ bóun ti tẹ búrẹ́kì àbí òun ò tíì tẹ̀ ẹ́, ṣé orí rẹ̀ ló yàn án bẹ́ẹ̀, àbí òun ni kò yan bàtà? Lójú tèmi, ẹni tó fi àyànmọ́ ṣe àwáwí níhìn-ín kò tíì gbọ́ ohun tí ìtàn àyànmọ́ gan-an sọ. Yíyan bàtà tí omi ò lè wọ̀ wà lára iṣẹ́ tí ẹ̀sìn àti ọgbọ́n àwọn baba wa gbé lé èèyàn lọ́wọ́.

Ore ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Odigbó ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ibẹ̀ ni títì Èkó sí Benin ti pàdé ọ̀nà tó ti Oǹdó wá, tó ń lọ sí Òkìtìpupa. Ẹni tó bá kúrò lórí títì, ẹrẹ̀ ló bọ́ sí: ọ̀nà oko kòkó àti oko ọ̀pẹ, ọ̀nà Ajue, ọ̀nà Agbabu níbi tí ọ̀dà wà nínú ilẹ̀, ọ̀nà inú igbó ọba Oluwa tí wọ́n ti ń gbé pákó jáde. Láti oṣù kẹta dé oṣù kẹwàá, nígbà mìíràn dé oṣù kọkànlá, òjò ló ni ibẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ pé bàtà ń lé otútù lè rẹ́rìn-ín pé ọ̀rọ̀ ìlú òyìnbó nìyẹn, Ore ò rí òjò dídì rí. Òótọ́ ni, kò rí i. Ṣùgbọ́n ara èèyàn gbóná tó ìwọ̀n 37 lórí òṣùwọ̀n Celsius, omi òjò kò sì gbóná tó bẹ́ẹ̀. Omi ń fa ooru kúrò lára ní nǹkan bí ìlọ́po 25 ju bí afẹ́fẹ́ gbígbẹ ṣe ń fà á lọ, atẹ́gùn tí ọ̀kadà ń dá sílẹ̀ bó ti ń sáré sì ń gba ìyókù. Ẹsẹ̀ òsì ló ń tẹ jíà, ẹsẹ̀ ọ̀tún ló ń tẹ búrẹ́kì ẹ̀yìn. Bí ẹsẹ̀ méjèèjì bá ti le gbagidi nínú omi fún wákàtí mẹ́ta, tí tírélà sì ń bọ̀ láti ẹ̀yìn lórí títì Benin, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ti wọ̀ ọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi pè é ní ìbéèrè ẹ̀sìn.

Ẹ jẹ́ ká lọ síbi tí ọ̀rọ̀ àyànmọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Nínú odù Ògúndá Méjì, Ifá sọ ìtàn àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta tó ń ti ọ̀run bọ̀ wá sáyé: Oríṣèékú ọmọ Ògún, Orílèémèrè ọmọ Ìja, àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà. Ilé Àjàlá, alámọ̀ tó ń mọ orí, ni wọ́n ti ní láti yan orí. Àwọn méjì àkọ́kọ́ kò bá Àjàlá nílé, nítorí onígbèsè ni, ó ń sá fún àwọn tó jẹ lówó. Wọn ò dúró dè é. Wọ́n wo èyí tó tóbi, tó dára lójú, wọ́n gbé e, wọn ò sì mọ̀ pé iná ò jẹ ẹ́ tó. Afùwàpẹ́ ní tirẹ̀ rúbọ kó tó gbéra. Ó kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ Oníbodè, ó bá a tó ń fi eérú sebẹ̀, ó fún un ní iyọ̀. Ó dé ilé Àjàlá, ó bá a san gbèsè, Àjàlá fúnra rẹ̀ ló sì bá a yẹ àwọn orí wò títí wọ́n fi rí èyí tó yè. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀ lọ́nà, òjò dé. Òjò yẹn fọ́ orí Oríṣèékú àti ti Orílèémèrè, ó ń wó wọn díẹ̀díẹ̀ títí wọ́n fi dé ayé. Ó rọ̀ sórí Afùwàpẹ́ pẹ̀lú, kò mú nǹkan kan kúrò níbẹ̀.

Bí a ti sábà máa ń ka ìtàn yìí ni pé orí ti wà nílẹ̀, ẹni tó bá yan tire ti yan ire. N kò takò ó, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ba orí àwọn méjì yẹn jẹ́. Kì í ṣe ọ̀tá, kì í ṣe èpè. Òjò lásán ni, òjò tó rọ̀ sórí ìkòkò tí kò jinná. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni òjò pa, bí àwọn àgbà ṣe wí pé òjò ò bẹ́nì kan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji bá rí leji ń pa. Bí òjò bá pa gbogbo wọn bákan náà, ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni àyẹ̀wò tí ọ̀kan ṣe kó tó jáde nílé alámọ̀. Ìtàn tí wọ́n fi ń sọ pé kéèyàn káwọ́ gbera, ìtàn ẹni tó ra nǹkan láìyẹ̀ ẹ́ wò ni, tó sì bọ́ sínú òjò. Bí mo bá jẹ́ oníṣòwò bàtà ní ọjà Ore, ìtàn yìí ni màá kọ sí iwájú ṣọ́ọ̀bù.

Ẹnì kan lè sọ pé mo ń fi ohun ńlá ṣe eré, pé orí kì í ṣe ẹgbẹ́ bàtà. Mo gbà pé kì í ṣe ẹgbẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n Ifá fúnra rẹ̀ ni kò kẹ́gàn ohun kékeré. Kí ló ṣí ọ̀nà ilé Àjàlá sílẹ̀ fún Afùwàpẹ́? Iyọ̀ ni, ohun tí wọ́n ń bù sínú ọbẹ̀. Ọmọ Ọ̀rúnmìlà ìbá ti tètè kọjá lọ́dọ̀ Oníbodè bó bá rò pé ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ kò kan ọ̀rọ̀ orí.

Àtakò tó lágbára jù ni ti ẹni tó bá ní ọ̀run ni gbogbo ìyẹn ti ṣẹlẹ̀, àti pé kò sí yíyan kankan mọ́ ní ìhín. Èsì rẹ̀ wà nínú Ifá bákan náà. Wande Abimbola, tó ti kọ̀wé púpọ̀ lórí Ifá, fi hàn pé lẹ́yìn orí, ẹsẹ̀ náà jẹ́ apá kan pàtàkì lára ohun tó so èèyàn pọ̀ mọ́ àyànmọ́ rẹ̀. Ìtàn kan wà pé gbogbo orí kó ara wọn jọ láti gbèrò, wọn ò pe ẹsẹ̀ sí i. Èṣù sọ fún wọn pé àwọn yóò rí bí ọ̀rọ̀ náà yóò ṣe yọrí. Ìjà ni ìpàdé náà dà. Ìgbà tí wọ́n ránṣẹ́ pe ẹsẹ̀ ni èrò wọn tó di ṣíṣe. Orí gbèrò, ẹsẹ̀ ló ṣe é. A kì í sì í gbàgbé rẹ̀ nínú àdúrà: kí orí gbé mi débi ire, kí ẹsẹ̀ gbé mi débi ire. Àní ètò Ifá tí wọ́n ń ṣe fún ọmọ tuntun láti mọ irú ayé tó wá jẹ, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ: ẹsẹ̀ǹtayé. Ẹsẹ̀ tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú gbogbo èyí ju ẹran àti egungun lọ, mo mọ̀. Akitiyan ni, ìrìn àti wàhálà tí èèyàn ń ṣe kí ohun tí orí yàn lè jáde. Ṣùgbọ́n akitiyan ọlọ́kadà kò ní ibòmíràn tó ń gbà kọjá ju ẹsẹ̀ ẹlẹ́ran-ara yìí lọ. Ẹni tó ra ìfúnpá fún apá, tó fi ẹsẹ̀ sílẹ̀ nínú dúńlóòpù, orí ló bá ṣèpàdé láìpe ẹsẹ̀.

Àwọn onígbàgbọ́ ní àtakò tiwọn, ó sì dára lójú. Ọlọ́run pàṣẹ fún Mósè níbi igbó tó ń jó pé kó bọ́ bàtà, torí ilẹ̀ mímọ́ ló dúró lé. Àwọn ìjọ aláṣọ funfun di ọ̀rọ̀ yìí mú ju gbogbo wa lọ. Ìjọ Kérúbù àti Séráfù, tó bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 1925 lábẹ́ Mósè Orímọládé ọmọ Ìkàrẹ́, àti Ìjọ Mímọ́ ti Krístì láti Ọ̀run Wá, tí Samuel Bilehou Oshoffa dá sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní ọjọ́ 29 oṣù kẹsàn-án 1947, méjèèjì ló ń fi ẹsẹ̀ lásán bá Ọlọ́run pàdé. Ṣé ẹsẹ̀ lásán wá ni ìgbàgbọ́, tí bàtà jẹ́ iyèméjì? Ẹ ka ìwé kan náà síwájú díẹ̀. Ní alẹ́ Ìrékọjá, kí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì tó kúrò ní Íjíbítì, àṣẹ tí wọ́n gbà ni pé kí wọ́n jẹun pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀. Ìwé Diutarónómì tún sọ pé fún 40 ọdún nínú aginjù, bàtà wọn kò gbó, ẹsẹ̀ wọn kò sì wú. Ọlọ́run tó ní kí Mósè bọ́ bàtà níwájú òun ló ń tọ́jú bàtà gbogbo ìlú lójú ọ̀nà. Ibi ìjọsìn ni a ti ń bọ́ bàtà nítorí pé ibẹ̀ ni ìrìn ti parí. Òfin sùtáná kò sọ pé kí ẹni tó ń gbé àpò kòkó bọ̀ láti Agbabu wọ ẹsẹ̀ lásán lọ síbi iṣẹ́.

Ti àwọn Mùsùlùmí tilẹ̀ dùn mọ́ mi jù nínú ọ̀rọ̀ yìí, torí wọ́n ti jíròrò rẹ̀ débi awọ àti okùn. Kùránì náà sọ ti Mūsā, pé kó bọ́ bàtà rẹ̀ ní àfonífojì mímọ́ Ṭuwā. Síbẹ̀, nígbà tó di ọ̀rọ̀ àlùwàlá, Ànábì gbà fún ẹni tó wọ khuff, ìbọ̀sẹ̀ awọ tó bo ọrùn ẹsẹ̀, pé kó máa fi ọwọ́ tútù pa òkè rẹ̀ dípò kó bọ́ ọ láti fọ ẹsẹ̀: ọ̀sán kan àti òru kan fún ẹni tó wà nílé, ọ̀sán mẹ́ta àti òru mẹ́ta fún arìnrìn-àjò. Mazhab Màlíkì, ìyẹn ọ̀nà ìtumọ̀ òfin tí ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí ilẹ̀ wa ń tẹ̀lé, kò dá gbèdéke ọjọ́ sí i. Bóyá bàtà òjò onírọ́bà wọ inú ìdájọ́ yìí, torí awọ ni àwọn onímọ̀ Màlíkì ń béèrè, mo fi ìyẹn sílẹ̀ fún àwọn àlùfáà. Èyí tó kan àríyànjiyàn wa ni májẹ̀mu tí wọ́n fi sí i: kò tọ́ kéèyàn wọ̀ ọ́ àfi bó bá ti fọ ẹsẹ̀, tó mọ́, kó tó kì í bọ̀ ọ́. Òfin yìí ti gbà tẹ́lẹ̀ pé onígbàgbọ́ lè bo ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ ojú ọjọ́. Ohun tó ń bójú tó ni bí yóò ṣe bò ó. Ẹni tó bá ní ìgbẹ́kẹ̀lé Ọlọ́run kò fàyè gba bàtà, kó bi ara rẹ̀ léèrè ìdí tí òfin fi wá ń ka wákàtí lé e. (N ò tíì sọ ti ràkúnmí tí wọ́n ní kí olówó rẹ̀ so mọ́lẹ̀ kó tó gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run, gbogbo wáàsí ló ti lò ó.)

Wọ́n á tún ní àwọn baba wa ò wọ bàtà lọ sóko, wọ́n sì dàgbà. Àwọn tó dàgbà la rí, a ò rí ìyókù. Ẹ̀rí kan láti Amẹ́ríkà ló yẹ kí gbogbo ẹni tó ń sọ ọ̀rọ̀ orí burúkú mọ̀. Ní ìhà gúúsù ilẹ̀ yẹn, wọ́n ti pẹ́ tí wọ́n ń pe àwọn òtòṣì àgbẹ̀ ní ọ̀lẹ: ojú wọn funfun, iṣẹ́ díẹ̀ á ti rẹ̀ wọ́n, àwọn ọmọ wọn kì í mọ ìwé. Ìwà wọn ni wọ́n kà á sí. Ní 1909, owó Rockefeller, olówó ńlá ilẹ̀ Amẹ́ríkà, dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ láti gbógun ti aràn kan tó máa ń gba àtẹ́lẹsẹ̀ ẹni tí kò wọ bàtà wọlé láti inú ilẹ̀ rírin, tó ń lọ mu ẹ̀jẹ̀ nínú ìfun. Oògùn aràn, ṣáláńgá àti bàtà ni wọ́n fi jà á. Aràn yẹn wà nínú ilẹ̀ tiwa náà. Ìgbà mélòó ni a ti dájọ́ ìwà tàbí ti orí fún ẹni tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ lásán ni ẹjọ́ rẹ̀? Àwọn baba wa ò mọ èyí, a ò lè bá wọn wí. Àwa tí a mọ̀ ọ́n ni ọ̀rọ̀ kù sí lọ́wọ́.

Àtakò tí mo bọ̀wọ̀ fún jù kò ti ọ̀dọ̀ ẹlẹ́sìn wá, ọ̀dọ̀ ọlọ́kadà gan-an ló ti wá: bàtà òjò náà ń ba ẹsẹ̀ jẹ́. Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ohun tí kò jẹ́ kí omi wọlé kì í jẹ́ kó jáde. Nínú Ogun Àgbáyé Kìíní, ẹsẹ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ogun jẹrà nínú kòtò olómi tútù, bẹ́ẹ̀ bàtà wà lẹ́sẹ̀ wọn. Ní Vietnam, ilẹ̀ tó gbóná bíi tiwa, ọjọ́ mélòó kan nínú bàtà tútù tó láti bó àtẹ́lẹsẹ̀ àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà. Nítorí náà, ẹni tó ra bàtà òjò tó rò pé iṣẹ́ ti parí, Oríṣèékú ló tún ń ṣe. Yíyàn gan-an ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Bàtà tó dé àárín ojúgun sàn ju èyí tó mọ ní ọrùn ẹsẹ̀, torí omi tí táyà iwájú ń ta máa ń dé ojúgun. Bí ó bá sì ga, ẹsẹ̀ ṣòkòtò gbọ́dọ̀ wà lóde rẹ̀. Ẹni tó bá ki ẹsẹ̀ ṣòkòtò bọnú bàtà ti ṣe ọ̀pá àgbàrá fún òjò, omi á gba itan wọnú bàtà, kò sì ní rí ọ̀nà jáde. Kó tóbi díẹ̀ ju ẹsẹ̀ lọ kí ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn lè gbà, torí bàtà tó fún ẹsẹ̀ pọ̀ ń dí ẹ̀jẹ̀ lọ́nà, ẹsẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ ò dé kì í gbóná. Kó má sì tóbi jù débi tí imú rẹ̀ ò ní lè wọ abẹ́ jíà. Kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní eyín. Kí ẹni tó wọ̀ ọ́ ṣọ́ra fún sàlẹ́ńsà, torí rọ́bà ń yọ́. Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń fi kẹ̀kẹ́ gbé oúnjẹ kiri ní Lọ́ńdọ̀nù àti Manchester nínú oṣù kìíní ti mọ èyí tó kù: ìbọ̀sẹ̀ òwú ń mu omi, ó sì ń pa á mọ́, onírun àgùntàn ṣì ń mú ẹsẹ̀ gbóná bó tilẹ̀ tutù. Ní 1969 ni Bob Gore ní Amẹ́ríkà rí ọgbọ́n fífa ike kan gùn títí tó fi di awọ tín-ín-rín tí ihò rẹ̀ kéré fún omi, tó sì tóbi tó fún oru òógùn láti jáde. Bàtà oní-Gore-Tex yẹn wọ́n, ẹrẹ̀ Ajue á sì tètè dí ihò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó ṣe kókó ni pé wọ́n ti mọ̀ pé abala méjì ni ìbéèrè náà ní, kí ti òde má wọlé àti kí ti inú rọ́nà jáde. Fún ẹni tí kò ní owó rẹ̀, ìbọ̀sẹ̀ gbígbẹ kejì nínú náílọ̀n lábẹ́ síìtì, tí yóò pààrọ̀ lọ́sàn-án, ló ń ṣe iṣẹ́ kejì yẹn. Lálẹ́, igi méjì tí a rì mọ́lẹ̀ lẹ́bàá àdògán, bàtà méjì dorí kodò lórí wọn, kí ẹnu wọn má kan ilẹ̀, kí wọ́n má sì sún mọ́ iná jù.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó. Ẹni tó ń gbé owó dẹ́lífà fún olówó ọ̀kadà lójoojúmọ́ lè sọ pé ìwàásù mi dùn, owó bàtà dà? Níbí ni mo ti dẹ́kun bíbá a wí. Ẹni tó fi náílọ̀n búrẹ́dì wé ẹsẹ̀, lójú tèmi, ti ṣe ohun tí ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe. Ó fi ohun tó ní gbèjà ara rẹ̀, ó sì ti fi ìṣe ta ko ohun tó kọ sára mọ́gáàdì. Ẹjọ́ kù sọ́rùn olówó ọ̀kadà tó ń yí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì déédéé, tí kò wo ẹsẹ̀ ẹni tó ń gùn ún rí, àti ẹgbẹ́ tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì lójoojúmọ́. Àjàlá jẹ gbèsè, ẹnì kan ló bá a san án kí orí rere tó jáde. Àwọn pásítọ̀ àti àwọn àlùfáà tí wọ́n ń gbé ọ̀kadà tuntun wá bá fún àdúrà, ẹ béèrè bàtà lọ́wọ́ ẹni tó mú un wá kí ẹ tó gbé ọwọ́ lé e.

Òjò máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀ ní Ore nínú oṣù kẹjọ, ti ìkejì á sì dé nínú oṣù kẹsàn-án. Oṣù kẹjọ ni kí ẹ ra bàtà.